Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ ilẹ̀ mímọ́, owó kò tó: ṣé mo lè rìn ín n'Ìbàdàn?

Aránṣọ_Mọ̀lété

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Iná ti lọ, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, fóònù nìkan ni mo rí tẹ̀.

Ní 2015, ọmọ mi obìnrin ti lo ọdún méje nílé ọkọ, kò tíì rí ọmọ gbé jó. Ìṣọ́ òru kan la wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, ni mo bá la ẹnu, mo ní: “Olúwa, bí O bá lè dá ọmọ yìí lóhùn, màá fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ mímọ́ kí n fi dúpẹ́.” Ẹnikẹ́ni kò fi ipá gbà á lẹ́nu mi. Ọmọ náà dé ní 2017. Obìnrin ni. Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí, èmi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, mo sì fi etí aṣọ tó nípọn sílẹ̀ nísàlẹ̀ torí ó ń ga bí ẹ̀gẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá àjọ Jerúsálẹ́mù. Mo dá a, kòrónà dé ní 2020, kò sẹ́ni tó rìn. Mo tún bẹ̀rẹ̀, àbúrò ọmọ mi yẹn wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Mo tún bẹ̀rẹ̀, dọ́là gun òkè. Lọ́dún tó kọjá, mo di owó mi mọ́ ìdí gèlè, mo gbé e lọ bá àwọn kan tí wọ́n ń ṣètò ìrìn àjò. Ọmọdébìnrin tó wà lórí tábìlì ka owó náà, ó tún un kà, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Mà, èyí á gbé yín dé Èkó.” Ọmọ náà kò ṣe àfojúdi o, àwàdà ló fi ń tù mí nínú. Àmọ́ mo rìn padà sílé lọ́jọ́ yẹn bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí ẹ̀ láìbéèrè.

Nínú ìjọ wa, àwọn tó ti lọ ń fi JP mọ́ orúkọ wọn, ìyẹn “Jerusalem Pilgrim.” N kò bá wọn jà. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ bu omi Jọ́dánì fún mi sínú ìgò kékeré. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ mi, láàárín bọ́bìnì àti ìdì abẹ́rẹ́, mo máa ń rí i nígbàkígbà tí òwú bá já. Ìgò yẹn gan-an ló ń dá mi lẹ́bi. Ìwé Oníwàásù ti ní ó sàn kí èèyàn má jẹ́ ẹ̀jẹ́ ju kó jẹ́ ẹ kó má san án lọ.

Ìbéèrè mi rèé. Ẹni tí kò lè dé Jerúsálẹ́mù, ṣé ó lè rin ìrìn àjò mímọ́ tirẹ̀ nítòsí, kó sì jẹ́ òótọ́? Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn, mo fẹ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ náà, mo fẹ́ kó ní ibi tí mo ti gbéra àti ibi tí mo dé. Kì í ṣe kí n kàn yí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì po kí n wá ní mo ti lọ. Orúnkún mi ọ̀tún kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́, pẹ́dà ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́. Mọ̀lété ni mo ń gbé. Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bí ẹ ṣe ṣe é.

Àpọ́n_Bódìjà

Ẹ kú alẹ́ mà. Ọmọ yín ni mí, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dùn yín.

Obìnrin ará Samáríà tó wà létí kànga béèrè ohun tó jọ tiyín: ṣé orí òkè tiwa ni àbí Jerúsálẹ́mù? Jésù kò mú ọ̀kankan fún un. Kò sí ibi tí wọ́n ti pa á láṣẹ fún Kristẹni pé kó lọ síbì kan lọ jọ́sìn, bí Hájì ti jẹ́ ọ̀ranyàn fún Mùsùlùmí tó bá ní agbára. Ojú tèmi ni pé kí ẹ fi owó àjọ yẹn ra jẹnẹrétọ̀ kékeré sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣáà ní iná lọ. Ẹ dúpẹ́ níbi tí ẹ wà, Ọlọ́run ń gbọ́.

Ọmọ_Ọwá

Àpọ́n, o mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ́ ni màmá ń sọ, ìwọ ń sọ jẹnẹrétọ̀.

Mà, ẹ kú ọkàn rere. Iléṣà ni wọ́n ti bí mi, inú ìjọ CAC ni mo dàgbà sí. Bàbá mi kò dé Jerúsálẹ́mù títí ó fi lọ, kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ létí mi rí. Tirẹ̀ ni pé tó bá di oṣù kẹwàá, á kó wa sínú mọ́tò 504 rẹ̀, ó di Ìkéjì-Arákejì. Ibẹ̀ ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó wá di wòlíì ìjọ wa, wà ní oṣù kẹwàá 1928, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, tó ń wa ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ títì fún PWD, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe títì, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ó tún un ṣe títí, kò jí, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn pé kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ wàásù. Bàbá mi jẹ́ mẹkáníìkì. Ọdọọdún ló máa ń sọ ìtàn yìí fún wa, tó bá sì dé ibi tí ẹ̀rọ ti kú, á mi orí, á ní, “Ẹ ò rí i, kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì yẹn.”

Láti ibẹ̀, a ó padà sí Iléṣà, sí Òkè-Ooyè, níbi tí ìsọjí ńlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù keje 1930. Lọ́jọ́ kejì, Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Ẹdẹ ni Babalọlá kú sí ní 26 oṣù keje 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n sin ín sí. Ibi ibojì yẹn ni bàbá mi ti máa ń dákẹ́. Ẹni tí kì í dákẹ́ nílé o.

Ìmọ̀ràn tèmi: tí ẹ bá máa lọ Ìkéjì, ẹ má lọ lọ́jọ́ ìpàgọ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ohùn ara yín, áńbọ̀sì ohùn mìíràn. Ẹ lọ lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ mú aṣọ òtútù dání tí ẹ bá máa dé Ẹ̀fọ̀n, àárín òkè ni ìlú náà wà, ìkùukùu rẹ̀ kì í ṣe ti Ìbàdàn.

Aránṣọ_Mọ̀lété

Ọmọ Ọwá, mo dúpẹ́ o. Ìtàn bàbá yín wọ̀ mí lára. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé mo ní “ẹsẹ̀ mi,” n kò ní “mọ́tò.” Láti Mọ̀lété dé Ìkéjì, ẹsẹ̀ wo? Ọmọ Áńgílíkà sì ni mí, mo fẹ́ kó jẹ́ ọ̀nà tí àwọn tó bí mi nínú ìgbàgbọ́ gbà.

Àpọ́n, ọmọ dáadáa ni ọ́. Mo ní jẹnẹrétọ̀. Epo ni kò sí níbẹ̀.

Bàbá_Alágogo

Arábìnrin, ẹ kú ìfaradà. Mo ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Bí ẹ bá rí àṣìtẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì nínú Ìbàdàn yìí, títí èjìká fi ní òun kò ṣe mọ́. Èmi fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ padà sí ohun tí ẹ fi ẹnu yín sọ lóru ọjọ́ náà. Ẹ kò dárúkọ Jerúsálẹ́mù nínú ohun tí ẹ kọ síbí. Ẹ ní “ilẹ̀ mímọ́.” Ibi àkọ́kọ́ tí Bíbélì ti pe ilẹ̀ ní mímọ́, ẹ lọ wò ó, Ẹ́kísódù orí kẹta. Pápá ẹran ni. Ibi tí Mósè ń da àgùntàn àna rẹ̀ lọ ni, ó sì ṣeé ṣe kó ti gba ibẹ̀ kọjá títí kó sú u.

N kò sọ èyí kí ẹ lè fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ bá Ọlọ́run ná ọjà o. Bó bá jẹ́ pé Jerúsálẹ́mù gan-an ló wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ ń sọ ọ́, ẹ tọ àlùfáà yín lọ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ èyí tó wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọ̀nà lẹ ń wá, ó wà lẹ́yìn ilé yín. Ní 1851, David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, CMS, rán níṣẹ́, wọ Ìbàdàn. Ní 1853, ó mú ìyàwó rẹ̀ Anna dé. Ìjọ mẹ́ta ló tọwọ́ wọn jáde nílùú yìí: Kúdẹtì ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà Àrẹ̀mọ àti Ògùnpa. Mo ti fi ẹsẹ̀ rin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lóòjọ́ nígbà tí mo ṣì lágbára, ìgbà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọdún tí mo sin ìyàwó mi ni àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Anna fún yín, torí ohun tí ẹ ní ọmọ yín rí. Obìnrin yẹn kò bímọ. Ó dé Ìbàdàn, Olóyè Olúńlọ́yọ̀ fi ọmọ méjì lé e lọ́wọ́, Akínyẹlé àti Yéjídé. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn, ilé kún. “Ìyá” ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó kò wọlé, wọ́n wá ń ta ẹrù ilé gba owó ẹyọ kí àwọn ọmọ lè rí nǹkan jẹ. Ọdún bíi márùn-ún ni wọ́n fi wà lẹ́nu ìyẹn. Ní 1865, ara obìnrin náà kò gbé e mọ́, gómìnà Èkó rán èèyàn gba inú igbó Ìjẹ̀bú wá fi àga ìgbérù gbé e jáde. Ó tún padà wá! Nígbà tí wọ́n wá lọ pátápátá ní 1869, Daniel Olúbí, tó ti wà pẹ̀lú wọn fún ọdún púpọ̀, ló ń tọ́jú ìjọ. Nítorí náà, tí ẹ bá dé Kúdẹtì, ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ tí obìnrin kan ti pebi nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ tẹ̀.

Ní ti ìrìn: ẹ má lọ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, torí ìmọ́tótó àyíká. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Kúdẹtì kí oòrùn tó mú. Ẹ gba Ọjàaba, ẹ gun Màpó díẹ̀díẹ̀, ẹ sinmi, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹẹrẹ, ẹ wá Àrẹ̀mọ. Kí ẹ fi Ògùnpa ṣe ìgbẹ̀yìn, torí tí ẹ bá fi ariwo ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, orí yín kò ní bá yín débòmíràn. Sáàmù 120 títí dé 134 ni Orin Ìgòkè, èyí tí wọ́n ń kọ nígbà tí wọ́n bá ń gòkè lọ Jerúsálẹ́mù. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Mo máa ń ka márùn-ún márùn-ún níbì kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ mú ọ̀pá dání. Ẹ má tijú ọ̀pá.

Nọ́ọ̀sì_Norwich

Bàbá Alágogo, ẹ mú mi sunkún lórí bọ́ọ̀sì.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí, Norwich ni mo ń ṣiṣẹ́. Norfolk níbí ni wọ́n bí Anna Hinderer, ibí náà ló kú sí ní 1870, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Martham. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan tí mo ń tọ́jú ló bi mí léèrè ibi tí mo ti wá, mo ní Ìbàdàn, ó ní, “Ìbàdàn ti Ìyáàfin Hinderer?” Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Lọ́jọ́ ìsinmi mi, mo wọ ọkọ̀ lọ Great Yarmouth, mo tún wọ òmíràn lọ Martham. Òjò ń rọ̀ wẹliwẹli, atẹ́gùn sì ń fẹ́ agbòòrùn mi sódì. Ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ní ilé agogo gíga kan, ẹ ó ti máa rí i kí ẹ tó wọ abúlé. Mo dúró nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà láàárín àwọn òkúta, n kò mọ ohun tí mo lè sọ, ni mo bá kí i bí a ṣe ń kí àgbà nílé. Mo kúnlẹ̀. Ọkùnrin tó ń mú ajá rẹ̀ ṣeré kọjá, ó bi mí bóyá ara mi yá.

Ibi tí mo ń gbé síbẹ̀ kò ju bí Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ lọ. Mà, tí ẹ bá dé Kúdẹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí wọn.

Aránṣọ_Mọ̀lété

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti lọ, mo ti bọ̀.

Mo kọ́kọ́ tọ àlùfáà wa lọ bí Bàbá ṣe wí. Wọ́n bi mí bóyá Jerúsálẹ́mù ló wà lọ́kàn mi lóru ọjọ́ náà. Mo rò ó títí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ìlú kankan lọ́kàn mi, ojú ọmọ mi nìkan ni mo ń rí. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n máa lọ.

Sátidé kejì oṣù. Aago mẹ́fà kọjá díẹ̀, mo jáde pẹ̀lú bàtà kánfáàsì, ọ̀pá tí ọkọ mi olóògbé fi ń ká máńgòrò, Bíbélì kékeré, àti ọ̀rá omi méjì tí n kò ní mu títí di ọ̀sán. Láti Mọ̀lété dé Kúdẹtì, ọ̀nà tí mo ń gbà lọ ra bọ́tìnì ni. N kò tíì fi ẹsẹ̀ rìn ín láti bí ogún ọdún. Máíkírà mẹ́fà ló dúró fún mi, awakọ̀ kan tilẹ̀ ní, “Màmá, ẹ wọlé, n kò ní gba owó.” Mo ní mo ń lọ Jerúsálẹ́mù. Ó wò mí, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ sí jíà.

Kúdẹtì dákẹ́. Ọmọkùnrin kan ń gbá ọgbà, ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́. Mo bọ́ bàtà. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ aránṣọ á mọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ mi mọ pẹ́dà ju ilẹ̀ lọ. Òkúta wẹ́wẹ́ ibẹ̀ gún mi, ilẹ̀ sì tutù fún ìrì. Mo ka Sáàmù márùn-ún. Mo dárúkọ ọmọ mi, mo dárúkọ ọmọ rẹ̀. Mo kí wọn fún Nọ́ọ̀sì. Ọmọkùnrin náà dá ìgbálẹ̀ dúró, ó ní, “Mà, ẹ ti sọ nǹkan nù ni?” Bó ṣe rí fún ìwọ ní Martham nìyẹn.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, ǹ bá wá máa sọ fún yín pé ó dùn. Ó kù.

Mo la Ọjàaba kọjá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun Màpó. Orúnkún ti ń dún. Mo dúró gba ọ̀pá mú, mo ń mí, ni mo gbọ́ lẹ́yìn mi: “Ìyá Aránṣọ!” Mo mọ ohùn náà kí n tó yíjú. Oníbàárà mi ni. Láti oṣù mẹ́rin ni léèsì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, ìgbéyàwó tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ ti kọjá, ó fi òmíràn lọ. Ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó pè mí, mo ní ẹ má bínú, mo wà lẹ́nu ìrìn àjò.

Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó wo ọ̀pá. “Ìrìn àjò náà rèé?”

Ẹ̀yin ará, mo lè purọ́. Àwáwí kì í wọ́n aránṣọ: iná kò sí, ẹ̀rọ bàjẹ́, ọmọ iṣẹ́ lọ sílé. Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ fún un rí. Ìtìjú dì mí lẹ́nu. Mo ní, “Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́rú. N kò tíì gé e.” Ó pariwo mọ́ mi níbẹ̀, lójú gbogbo ọjà, ó sì tọ́ sí i. Ẹlẹ́ja kan bá mi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó pariwo tán, ó bi mí ohun tí mò ń wá lórí Màpó pẹ̀lú ọ̀pá, mo sọ fún un. Ó dákẹ́. Ó ní, “Ẹ ní ẹ̀jẹ́ Ọlọ́run ń dà yín láàmú, tèmi kò dà yín láàmú?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Bẹẹrẹ. Àwọn tó lọ Jerúsálẹ́mù, wọn kì í pàdé oníbàárà wọn níbẹ̀. Ní Àrẹ̀mọ, mo ṣí Sáàmù, kò wọlé. Iye aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ni mò ń kà. Mọ́kànlá. Mo mọ olúkúlùkù: áńkárá ìyá ìkókó, aṣọ akọrin méjì, bùbá bàbá kan tó ti rẹ̀ ẹ́ láti béèrè. Mo fi ẹ̀yìn risíìtì ọjà kọ orúkọ wọn, mo gbàdúrà lé wọn lórí bí ẹni ń gbàdúrà fún aláìsàn, lẹ́yìn náà ni mo wá ka Sáàmù tó kù. Ó ti ń lọ sí aago méjìlá, mo já ọ̀rá omi kan, mo mu ún tán léèkan.

Nípa Àrẹ̀mọ sí Ògùnpa, n kò ní púpọ̀ láti sọ. Mo gba Agbẹni, oòrùn mú, bọ́ọ̀lù omi yọ ní gìgísẹ̀ mi òsì. Ariwo Ògùnpa rí bí Bàbá ṣe sọ ọ́. Mo dúró níbi odò tí wọ́n fi kọnkéré há sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí odò yìí kún ní 31 oṣù kẹjọ 1980, mo rí àpótí aṣọ aládùúgbò wa tó ń léfòó lọ pẹ̀lú ìdérí ṣíṣí. Omi tí mo bá níbẹ̀ ní Sátidé kò ju èyí tí ewúrẹ́ lè rékọjá lọ. Mo ka márùn-ún tó kù síbẹ̀, pẹ̀lú ohùn sókè, kò sẹ́ni tó gbọ́. Mo wọ Máíkírà padà sílé. Ẹ má wulẹ̀ bi mí nípa orúnkún.

Mo gé léèsì náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo rán an tán ní Túsìdeè, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ bá a. N kò gba owó tó kù. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní apá há, mo tún un ṣe lójú ẹ̀. Nínú mọ́kànlá, ó ku mẹ́rin.

Àpọ́n, mo mọ ohun tí wàá sọ, pé ǹ bá jókòó sílé kí n rán aṣọ náà. Bẹ́ẹ̀ ni. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó sílé.

Bóyá ẹ̀jẹ́ náà ti san tán, mo fi lé Ẹni tí mo jẹ́ ẹ fún lọ́wọ́. Mo ṣì ń dá àjọ, ṣùgbọ́n ìgò inú dúrọ́ọ̀ kò wò mí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dúpẹ́ níwájú ìjọ. Àwọn màmá JP bá mi jó, ọ̀kan wá ń pè mí ní “Màmá KP.” Ó ní Kúdẹtì ni K yẹn. Orúkọ náà ti ń ràn káàkiri ìjọ, n kò rí i dá dúró.

Ọmọ mi gbọ́, ó ní òun ń bọ̀ nígbà Àjíǹde, àwọn mẹ́ta, kí a jọ rìn ín. Ọmọbìnrin rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó tọ̀, kì í sì í tọ̀ síbi tí èèyàn wà. Ẹni tó bá mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tó mọ́ láàárín Bẹẹrẹ àti Ògùnpa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.

Bàbá_Alágogo

Ẹ béèrè ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Agbẹni, ẹ ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fún yín. Kí ẹ mú bébà tiyín dání.